Àwo Tùràrí Ṣáínà àti Orí Ọlọ́kun: Ohun tí Ọjà Máa Ń Gbà Lọ́wọ́ Idẹ Àtijọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé mu gan-an. Bí oníṣòwò bá gbé ohun àtijọ́ kan kalẹ̀ fún títà, ohun tí ojú rí kò ju idẹ, àwọ̀ àti ọnà ara rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ọ́ di iyebíye wà lẹ́yìn èyí tí ojú rí. Ta ló ṣe é? Ta ló ni ín? Ibo ló jókòó sí láti ìgbà ìwáṣẹ̀? Báwo ló sì ṣe dé orí àtẹ?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi àwo tùràrí onídẹ ti ilẹ̀ Ṣáínà ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó wà lára àwọn ohun àtijọ́ tí a máa ń rí lórí àtẹ àwọn oníṣòwò káàkiri àgbáyé. Láti ayébáyé ni àwọn ará Ṣáínà ti ń sun tùràrí nínú irú àwo bẹ́ẹ̀ níwájú ojúbọ àwọn baba ńlá wọn, nínú tẹ́ńpìlì àti nínú ilé. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni èyí tí a so mọ́ ìgbà ọba ńlá Xuande, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1425 sí 1435. Orúkọ ìgbà ọba yìí ni a máa ń rí tí wọ́n kọ sí ìdí àwo náà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọba yìí ti wàjà, àwọn oníṣẹ́ idẹ kò dẹ́kun kíkọ orúkọ náà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Àwọn kan ń ṣe é láti fi bu ọlá fún iṣẹ́ àtijọ́, àwọn mìíràn sì ń ṣe é láti fi tan oníbàárà jẹ. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn àwo tó ní orúkọ Xuande nídìí ni kì í ṣe ti ìgbà Xuande rárá. Orúkọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò tó ẹ̀rí.

Ìbéèrè kejì tún wà tó wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní 1860, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé kó ẹrù ààfin Yuanmingyuan tó wà nítòsí Beijing, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì dáná sun ún. Lẹ́yìn ọdún 37, ní 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ sí ààfin Ọba Bìní. Láti ìgbà náà, bí ohun onídẹ kan bá jáde láti irú ìlú bẹ́ẹ̀, kò tó kí a bèèrè bóyá ojúlówó ni. A tún gbọ́dọ̀ bèèrè bóyá ọ̀nà tó gbà jáde mọ́.

Èrò tí a fẹ́ fi yé àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ nínú àròkọ yìí ni pé ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì wà ní ibì kan náà: nínú ìtàn bí ohun náà ṣe ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Bí a bá yọ ohun àtijọ́ kúrò níbi tó wà, tí a tà á ní kọ̀rọ̀, ẹ̀rí rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń sọ nù. Bí a tilẹ̀ rí ohun náà gbà padà, ẹ̀rí rẹ̀ lè má bá a padà. Kò pọn dandan kí a dé Ṣáínà kí a tó rí àpẹẹrẹ èyí. Ilé-Ifẹ̀ ni àpẹẹrẹ tó dára jù lọ wà, ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì kan gbogbo ìlú Yorùbá tó ní ojúbọ àti ààfin àtijọ́, títí kan Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó.

Bí wọ́n ṣe ra Orí Ọlọ́kun

Ní ìparí ọdún 1910, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tó ń jẹ́ Leo Frobenius dé Ilé-Ifẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa rin ilẹ̀ Áfíríkà káàkiri, kí ó máa kọ ìtàn sílẹ̀, kí ó sì máa ra ohun ọnà fún àwọn mùsíọ́mù ilẹ̀ rẹ̀. Ní Igbó Ọlọ́kun, ó rí orí onídẹ kan tó dé adé, tí ohun kan bí ìyẹ́ sì dúró ṣánṣán níwájú adé náà. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́, inú ilẹ̀ ni wọ́n máa ń sin orí yìí sí, wọn a sì máa hú u jáde nígbà ètùtù. Ọlọ́kun ni àwọn ará ibẹ̀ fi orí náà pè, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n sí Orí Ọlọ́kun.

Frobenius ra orí náà. Pọ́n-ùn 6 àti ìgò ọtí wisikí kan ni a gbọ́ pé ó san. Ariwo ta nílùú, ẹjọ́ sì dé etígbọ̀ọ́ ìjọba amúnisìn. Charles Partridge, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wá sí Ifẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ náà, ó sì pàṣẹ pé kí Frobenius dá orí náà àti àwọn ohun mìíràn padà. Frobenius dá a padà, ó bá tirẹ̀ lọ. Nínú ìwé tó kọ lẹ́yìn náà, ó ní iṣẹ́ tó dára tó báyìí kò lè jẹ́ ti ènìyàn dúdú. Ó ní àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ló tẹ̀dó sí etíkun wa, pé ilẹ̀ Atlantis tí àwọn onímọ̀ Gíríìsì sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni òun rí. Lónìí, kò sí onímọ̀ kan tó gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Àwọn ará Ifẹ̀ ló da idẹ Ifẹ̀, láàrin nǹkan bí ọ̀rúndún 12 sí 15.

Ẹni tó bá dúró síbi tí a bá ìtàn dé yìí lè rò pé ọ̀rọ̀ ti parí: wọ́n rà á, wọ́n gbà á padà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ojúlówó ni àbí àdàkọ?

Kí wàhálà yìí tó lè yé wa, ó yẹ kí a mọ bí wọ́n ṣe ń da idẹ ní ayé àtijọ́. Oníṣẹ́ á kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ inú ère náà. Á wá fi ìda oyin bo amọ̀ yìí, orí ìda náà ni yóò sì ti fín ojú, imú, ètè àti ilà ojú bó ṣe fẹ́ kí wọ́n rí. Lẹ́yìn èyí, á tún fi amọ̀ bo ìda náà lódì, á sì fi ihò sílẹ̀. Bí ó bá gbé e sórí iná, ìda á yọ́, á ṣàn jáde, àyè rẹ̀ á sì ṣófo. Àyè tó ṣófo yìí ni yóò da idẹ tàbí bàbà tó ti yọ́ sí. Bí ó bá tutù, á fọ́ amọ̀ kúrò, ère á sì jáde. Nítorí pé ìda ti yọ́ dànù, tí amọ̀ sì ti fọ́, ère kan ṣoṣo ni iṣẹ́ kan lè bí. Kò sí ìkejì rẹ̀ láéláé.

Ọ̀nà mìíràn wà tí a fi ń tẹ ère tó ti wà tẹ́lẹ̀ mọ́ inú yanrìn, kí a lè da irú rẹ̀ sí ojú àmì tó fi sílẹ̀. Ọ̀nà yìí ni a fi ń ṣe àdàkọ.

Ní 1949, William Fagg tó ń ṣiṣẹ́ ní British Museum àti Leon Underwood, tó jẹ́ agbẹ́gilére, gbé àbájáde àyẹ̀wò wọn jáde. Wọ́n ní Orí Ọlọ́kun tó wà ní Ifẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ àtijọ́, pé inú yanrìn ni wọ́n dà á, pé àdàkọ ni. Ọ̀rọ̀ yìí dun ọ̀pọ̀ ènìyàn dé egungun. Bí èyí bá jẹ́ àdàkọ, ojúlówó ńkọ́? Ta ló pàrọ̀ rẹ̀? Ṣé kí Frobenius tó dé ni, àbí nígbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Kò sẹ́ni tó lè dáhùn, nítorí pé láàrin àkókò tí wọ́n gbé orí náà kúrò nínú igbó àti ìgbà tí wọ́n dá a padà, kò sí ẹlẹ́rìí tí gbogbo ènìyàn lè gbára lé. Kò sí ìwọ̀n rẹ̀ tí ará ìlú kọ sílẹ̀ kí ó tó kúrò, kò sì sí àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Iyèméjì yìí wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Síbẹ̀, orúkọ orí náà kò parẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Yunifásítì Ifẹ̀ fi pe ilé ìṣeré tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Wole Soyinka bá ọ̀rọ̀ náà dé ilẹ̀ Bràsíìlì. Òun fúnra rẹ̀ sọ nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tó jáde ní 2006 pé wọ́n gbọ́ pé ojúlówó Orí Ọlọ́kun wà lọ́hùn-ún, pé àwọn lọ gbé e ní ọgbọ́nkọ́gbọ́n, kí àwọn tó rí i pé àdàkọ lásán ni. Ẹ wo bí ọjà pọ́n-ùn 6 ṣe da ọmọ Yorùbá láàmú dé òdìkejì òkun, lẹ́yìn nǹkan bí 70 ọdún.

Ìtàn náà tún yí padà lẹ́yìn ìgbà náà. Ní 2010, nígbà tí wọ́n gbé àwọn ère Ifẹ̀ lọ fún àfihàn ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lábẹ́ Paul Craddock fi irinṣẹ́ òde òní yẹ Orí Ọlọ́kun wò. Àbájáde wọn, tó jáde ní 2013, ni pé ohun tí wọ́n rí lára orí náà bá ti àwọn ojúlówó ère Ifẹ̀ mu, kò sì sí ìdí láti máa pè é ní àdàkọ ayé òde òní. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá dúró, a jẹ́ pé fún ọdún tó lé ní 60 ni a fi ń wá ohun tó wà nílé wa lọ sí ìdálẹ̀.

Àwọn orí tó jáde ní 1938

Ọdún 28 lẹ́yìn ìrìn àjò Frobenius, Ifẹ̀ tún rí ìdánwò mìíràn. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní Agbo Ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọ̀ọ̀ni, bẹ̀rẹ̀ sí í hú àwọn orí onídẹ jáde nínú ilẹ̀. Gbogbo ère tó jáde níbẹ̀ tó bí 18. Ọ̀ọ̀ni Adesoji Aderemi kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sí ààfin. Ṣùgbọ́n kí ìlú tó mọ bí nǹkan ṣe ń lọ, mẹ́ta ti bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan, William Bascom, tó ń ṣe ìwádìí nípa àṣà Yorùbá ní Ifẹ̀, ra méjì, ó sì kó wọn lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹ̀kẹta kọjá sọ́wọ́ olóòtú ìwé ìròyìn kan ní Èkó, ó sì di ti British Museum ní 1939. Ibẹ̀ ló ṣì wà.

Bascom dá méjì tirẹ̀ padà ní 1950. Ẹ fi èyí wé ọ̀rọ̀ Orí Ọlọ́kun. Nígbà tí àwọn orí Bascom padà dé, kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá ojúlówó ni wọ́n. Ìdí rẹ̀ ni pé a mọ ilé tí wọ́n ti jáde, a mọ ọdún, a mọ ẹni tó rà wọ́n, àwọn ẹgbẹ́ wọn sì wà ní ààfin tí a lè fi wọ́n wé.

Ìṣẹ̀lẹ̀ 1938 yìí wà lára ohun tó ta ìjọba jí. Ní 1943, wọ́n yan Kenneth Murray láti máa bójú tó àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Nàìjíríà. Ní 1953, òfin tó dáàbò bò wọ́n jáde, mùsíọ́mù Ifẹ̀ sì ṣí ní 1954. Òfin 77 ti 1979 ló dá àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́mù àti ohun ìrántí sílẹ̀. Lábẹ́ òfin yìí, ẹni tí àjọ náà fún láṣẹ nìkan ló lè ra ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbé e jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ.

Ilẹ̀ jẹ́rìí, ìwé náà jẹ́rìí

Òfin nìkan kò tó. Ní 1987, àwọn olè fọ́ mùsíọ́mù Jos, wọ́n kó ohun iyebíye 9 lọ, orí onídẹ Ifẹ̀ kan sì wà lára wọn. Ní 2007, ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù ta orí náà ní gbàǹjo fún oníṣòwò kan. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e dé ilé gbàǹjo kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni àṣírí ti tú pé ohun olè ni. Ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù gbà á sọ́dọ̀. Kí ló tú àṣírí náà? Mùsíọ́mù Jos ti kọ orí náà sílẹ̀ kí olè tó gbé e. Ìwé tó wà nílé ló pe ohun tó sọ nù lórúkọ nígbà tí a rí i lóko.

Níbi tí kò bá sí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó já gaara, ojúlówó pàápàá lè di àdàkọ lójú ayé. Ní 1973, olórí ìjọba Nàìjíríà, Yakubu Gowon, mú orí onídẹ Bìní kan láti mùsíọ́mù Èkó, ó fi ta Ọbabìnrin Elizabeth lọ́rẹ. Fún nǹkan bí 30 ọdún, àdàkọ ni wọ́n pè é láàfin Gẹ̀ẹ́sì, àfìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní 2002 tí wọ́n sì rí i pé iṣẹ́ àtijọ́ ni.

Ilẹ̀ náà ń jẹ́rìí. Láàrin 1969 sí 1971, Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Igbó Lájà nílùú Ọ̀wọ̀, ó sì rí àwọn ère amọ̀ tó rẹwà gidigidi. Nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló hú wọn, ó lè sọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkíní-kejì. Èédú tó bá wọn nínú ilẹ̀ ló jẹ́ kí àwọn onímọ̀ mọ̀ pé nǹkan bí ọ̀rúndún 15 ni wọ́n ti wà. Ká ní ẹnì kan ti fi òru hú àwọn ère yìí tà ni, èédú náà ì bá ti di ohun àfọ́nùdànù, a kì bá sì máa jiyàn nípa ọjọ́ orí wọn títí di òní.

Ẹ̀kọ́ fún Ìdànrè

Ọ̀wọ̀ àti Ìdànrè jọ wà ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó ni. Àwọn ará Ìdànrè gbé lórí òkè fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ òkè. Ààfin àtijọ́ Ọwá ṣì wà lókè, àwọn ojúbọ wà níbẹ̀, àwọn ibojì náà sì wà níbẹ̀. Ní 2007, wọ́n fi Òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé. Òkè kò ṣeé jí gbé. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ lè gbé ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ ilẹ̀kùn tí a gbẹ́, ìbáà jẹ́ idẹ tàbí ìlẹ̀kẹ̀, wọ inú àpò.

Ẹnì kan lè sọ pé ohun baba òun ni òun fẹ́ tà, pé owó ilé ìwé ọmọ ń béèrè. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín, nítorí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pọ́n-ùn 6 ti Frobenius. Ẹni tó kọ́kọ́ tà á ní kọ̀rọ̀ ló máa ń gba owó tó kéré jù, nítorí kò lè ná ohun ẹ̀bi ní gbangba. Yàtọ̀ sí èyí, ohun ojúbọ kì í ṣe ti ẹnì kan. Ti ìdílé ni, àwọn tí a kò tíì bí wà lára àwọn tó ni ín. Bí a bá fẹ́ fi idẹ jẹun, àwọn oníṣẹ́ idẹ òde òní wà, iṣẹ́ ọwọ́ tuntun tí ẹni tó ṣe é fi orúkọ ara rẹ̀ tà kò pa ìtàn ẹnikẹ́ni lára.

Iṣẹ́ wà níbí fún ilé ẹ̀kọ́. Olùkọ́ ìtàn tàbí ti Yorùbá lè kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá àwọn àgbà ìdílé, kí wọ́n tọrọ àyè, kí wọ́n sì kọ ohun tí àyè bá gbà sílẹ̀: orúkọ ohun náà ní ẹ̀ka èdè Ìdànrè, gígùn àti ìbú rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ṣe é, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ń lò ó, àbùkù ara rẹ̀. Bí àwọn tó ni ín bá gbà, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ níwájú, lẹ́yìn àti nídìí. Bí wọ́n bá ní èèwọ̀ ni, kí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí a kọ ìtàn rẹ̀ nìkan. Kí ẹ̀dà ìwé náà wà ní ààfin, kí òmíràn wà lọ́wọ́ ìdílé. Kí a má sì gbé ibi tí ohun náà wà síta fún gbogbo ayé kà, nítorí olè náà mọ̀wé.

Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wà, tí ẹnì kan sì gbé idẹ Ìdànrè sórí àtẹ ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ilé ìwé kan lè ṣí ojú ewé kan, kí ó ní: èyí nìyí, ilé lágbájá ló wà, àbùkù tó wà létí rẹ̀ nìyí. Ìgbà tí wọ́n gbé Orí Ọlọ́kun kúrò nínú igbó, kò sí irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Ifẹ̀.